Ọjọ́ Tí A Gbé Wàsíù Lọ Wo Ìbàdàn

Ilé Aláṣọ Òfì,
Ìsẹ́yìn.
Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀.

Ràfátù Àbẹ̀kẹ́, ọmọ tí mo fi ń yangàn,

Mo kí ọ, mo kí Lásísì ọkọ rẹ, mo sì kí ọkùnrin kékeré tó ń fi eyín méjì pàṣẹ fún gbogbo wa. Ara wa le níhìn-ín, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Òfì ń dún, èlùbọ́ pọ̀ lọ́jà, ọyẹ́ sì ti ń fẹ́ láàárọ̀. Ìròyìn ilé tán nìyẹn, kì í ṣe torí rẹ̀ ni mo ṣe gbé bírò.

Mo mọ̀ pé nígbà tí o ṣílẹ̀kùn tí o rí ìyá rẹ, àyà rẹ já. O rò pé ọjọ́ ti pé, pé ó wá mú Wàsíù lọ sí Ìsẹ́yìn bí a ti jọ sọ ọ́, kí o lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ rẹ lọ́jọ́ Ajé láìsí ọmọ lẹ́yìn. Jókòó ná. Fún un lómi mu, kí o sì ka lẹ́tà yìí láti òkè dé ìsàlẹ̀. Má ṣe bí o ti máa ń ṣe nílé ìwé, tó jẹ́ pé ojú ewé tó gbẹ̀yìn lo máa ń kọ́kọ́ ṣí. Ọ̀rọ̀ ọmọ náà ni mo fẹ́ sọ, mo sì fẹ́ kí o mọ ọ̀nà tí mo gbà dé ibi tí mo dé. Bí o bá kan ibi tí mo ti bú ìyá rẹ, rọra rẹ́rìn-ín, kí ó má bàa bi ọ́ pé kí ni mo wí.

Ohun tí o sọ láàárọ̀ tí a fẹ́ wọkọ̀ padà sílé láti ọ̀dọ̀ yín ní Ìbàdàn ló ń dà mí láàmú. Mo bi ọ́ pé, “Àbẹ̀kẹ́, ọ̀rọ̀ ọmọ yìí, ṣé ó tẹ́ ọ lọ́rùn?” O kúnlẹ̀, o ní, “Bàbá, ohun tí ẹ bá ní kí n ṣe ni n ó ṣe.” Ọ̀rọ̀ tó dára lẹ́nu ọmọ ni. Kò sí bàbá kan ní gbogbo Òkè-Ògùn tí kò ní fẹ́ gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti padà sídìí òfì, bí mo bá ju ọkọ̀ òfì sọ́tùn-ún, ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ń gbọ́. Bí mo bá jù ú sósì, òun náà ni. Òwú ń já mọ́ mi lọ́wọ́ bí òwú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ti ń wo ojú mi bóyá ó ti ń ṣú.

Jẹ́ kí n tún ọjọ́ tí a jáde lọ wo ìlú yẹn rò, nítorí kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni o rí.

Èmi ni mo mú àbá ìran wíwò wá. Lásísì rò pé mo fẹ́ rí Ìbàdàn ni, ó sì ṣe mí lálejò dáadáa. Irọ́ ni. Mo ti mọ Ìbàdàn kí Lásísì tó mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Ọjà Ọjẹ́ ni ọ̀gá mi ti máa ń rán mi lọ ta aṣọ òfì nígbà tí n kò tíì hu irùngbọ̀n. Ohun tí mo ní lọ́kàn ni pé kí a fi ìlú já Wàsíù lẹ́nu ọmú. O mọ bí a ti ń ṣe é nílé wa: a ó gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà, níbi tí kò ti ní rí ìyá rẹ̀, tí kò ní gbọ́ ohùn rẹ̀. Yóò ké, yóò ké, yóò gba kámú. Mo wá rò ó pé ọmọ tó bá ń wo ilé gogoro lọ́tùn-ún, tó ń wo kìnnìún lósì, ìgbà wo ni yóò ráyè ronú ọmú? Bí ó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, yóò ti gbàgbé, bí ìyá rẹ bá sì wá mú un, kò ní sí ariwo. Mo gbé ọgbọ́n náà kalẹ̀ fún ìyá rẹ. Ó wò mí, ó ní, “Bàbá Ràfátù, ìran kì í yó ọmọ o.” Mo ní kí ó dákẹ́, pé òun kò mọ Ìbàdàn.

Bí ó ṣe di pé ìyá rẹ pọn ọmọ nìyẹn, tí mo ní kí ìwọ àti Lásísì máa rìn lẹ́yìn, kí ẹ má sún mọ́ wa. O bi mí pé kí ló dé. Mo sọ fún ọ. O wo ilẹ̀, o ní, “Ó dára, Bàbá.”

A kọ́kọ́ gun Òkè Aàrẹ lọ síbi ilé gogoro tí wọ́n ń pè ní Láyípo. Ìwọ dúró nísàlẹ̀, o kò rí ohun tó ṣẹlẹ̀ lókè. Àtẹ̀gùn náà tóóró, ó sì ń yí po yí po, ìyá rẹ ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ń bú ẹni tó kọ́ ọ àti ẹni tó ní kí òun gùn ún. Nígbà tí a yọrí sókè, afẹ́fẹ́ bù lù wá. Òrùlé Ìbàdàn tẹ́ lọ rẹrẹ, gbogbo rẹ̀ pọ́n bí ilẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ebè sí. Wàsíù la ẹnu sí afẹ́fẹ́, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ń fi ẹsẹ̀ ta ìyá rẹ nígbáàdí. Ó tiẹ̀ tún mu ìlàjì ife ògì. Inú mi dùn débi pé mo na ìka sí ìyá rẹ, mo ní, “Ìran kì í yó ọmọ, àbí?” Ó ń wá ibi tí yóò gbà sọ̀ kalẹ̀.

Láti ibẹ̀ a wọ ọkọ̀ takisí, ó di ọgbà ẹranko tó wà nínú Yunifásítì. Kìnnìún tí mo gbẹ́kẹ̀ lé, ó na ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ń sùn. A pàtẹ́wọ́, a hó, kò tiẹ̀ gbọn etí. Ìyá rẹ ní, “Ṣé ẹni tó ń sùn yìí la torí rẹ̀ wá láti Ìsẹ́yìn? Ṣé àwọn àbúrò yín kì í sùn nílé ni?” A bọ́ sọ́dọ̀ ògòǹgò, ẹyẹ gíga ọlọ́rùn gbọọrọ yẹn. Wàsíù na ọwọ́ méjèèjì, ó ń fò lẹ́yìn ìyá rẹ. Ìyá rẹ ní, “Wò ó, ó fẹ́ràn ẹyẹ!” Ṣùgbọ́n èmi wo ibi tí ọmọ náà dojú kọ, kì í ṣe ẹyẹ. Gèlè rẹ ni ó rí lódìkejì ọgbà, gèlè aláwọ̀ ìyeyè tí o wé lọ́jọ́ náà. Mo ṣẹ́wọ́ sí ọ pé kí o bọ́ sẹ́yìn igi. O bọ́ sẹ́yìn igi. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

Kí o tó yíjú padà, mo rí iwájú bùbá rẹ. Ó ti tutù, lọ́tùn-ún lósì. Mo rí i, mo sì ṣe bí ẹni tí kò rí i. Mo pe Lásísì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ní kí ó máa mú ọ lọ sí Dùgbẹ̀, kí ẹ lọ dúró dè wá lábẹ́ Ilé Kòkó, pé gèlè yẹn ń ba iṣẹ́ jẹ́. Bí mo ti ń kọ èyí sílẹ̀, ojú ara mi ń tì mí.

Nígbà tí takisí já wa sílẹ̀ ní Dùgbẹ̀, Wàsíù ti di ẹlòmíràn. Ó ń ké bí ẹni tí wọ́n ń na. Ìyá rẹ sọ ọ́ kalẹ̀, ó gbé e jó, ó kì í, ó fi ife ògì sí i lẹ́nu, ọmọ fi ọwọ́ gbá a, ògì dà sí mi láṣọ. A tún pọ̀n ọ́n padà. Ó ń na ara sẹ́yìn, ó fẹ́ já bọ́. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń ta abọ́ tánganran, ó ti ń wò wá láti ìgbà tí a ti sọ̀ kalẹ̀.

Ó ní, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló ṣe ọmọ yìí?”

Ìyá rẹ ní, “Ọmú ló ń fẹ́.”

“Ẹ sì fún un lọ́mú.”

“Ṣé ojú rẹ kò rí mi dáadáa ni? Èmi ni mo dà bí ẹni tó ń fún ọmọ lọ́mú?”

“Ìyá rẹ̀ ńkọ́?”

“Ó wà níwájú. A ní kí ó má sún mọ́ ọn.”

Àbẹ̀kẹ́, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n òótọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé bí a bá sọ ọ́ ní ìta gbangba, ẹjọ́ ni. Obìnrin náà gbé abọ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn méjì mẹ́ta ti dúró. Ó ní, “Kí lorúkọ ọmọ?”

Èmi àti ìyá rẹ dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi ní, “Àlàó.” Ìyá rẹ ní, “Babátúndé.”

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, o sì mọ ilé wa. Ọjọ́ tí a sọ ọ́ lórúkọ, oníkálukú sọ tirẹ̀, láti ìgbà náà oníkálukú sì ń pe tirẹ̀. Ìyá rẹ kò ní pe ọmọ náà ní ohun mìíràn ju Babátúndé lọ, nítorí baba tó bí òun fúnra rẹ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú nígbà náà. Kò sí ẹni tí èyí yà lẹ́nu ní Ìsẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ní Dùgbẹ̀, ọmọ kan, orúkọ méjì, ìyá rẹ̀ kò sí níbẹ̀, wọ́n sì ní kí ó má sún mọ́ ọn! Mo gbọ́ tí ẹnìkan lọgun lẹ́yìn mi, “Gbọ́mọgbọ́mọ!” Kí n tó yíjú, ọkùnrin kan ti fún mi lọ́rùn aṣọ, fìlà mi ti wà nílẹ̀. Àwọn èèyàn ń fi ọjà wọn sílẹ̀ bọ̀. Àwọn obìnrin ti yí ìyá rẹ ká, ẹnìkan di ọ̀já rẹ̀ mú lẹ́yìn, pé kò níbi tí yóò gbà lọ.

Ẹ̀rù bà mí. Ìwọ mọ ẹnu mi, o mọ̀ pé kì í gbẹ, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà ahọ́n mi lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà méjì ló wà lọ́jà Dùgbẹ̀ lọ́jọ́ náà, orí ọmọ tuntun wọ́, àwa gan-an la sì wọ́ ọ.

Ohun tó kù, o mọ̀ ọ́n. Lásísì sọ fún mi pé nínú gbogbo ariwo ọjà yẹn, òun kò gbọ́ nǹkan kan. Ìwọ lo sọ pé, “Wàsíù ló ń ké,” tí o sì ti sá lọ kí òun tó bi ọ́ pé níbo. Mo rí gèlè ìyeyè yẹn tó ń la èèyàn kọjá. O pariwo, “Wàsíù!” Ọkùnrin tó fún mi lọ́rùn ní, “Ẹ ò rí i? Orúkọ kẹta tún rèé!” Obìnrin alábọ́ ló gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó ní, “Ẹ jẹ́ kó sún mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fúnra rẹ̀ wí tirẹ̀.”

Ọmọ sì wí tirẹ̀. Kí ìyá rẹ tó tú ọ̀já tán, ó ti fò sí ọ láyà, ó fi ọwọ́ méjèèjì wá bùbá rẹ, ó ń mí bí ẹni tó sáré láti Ìlerò dé Ìsẹ́yìn. Obìnrin náà da bàsíà kan délẹ̀ fún ọ, o jókòó lé e láàárín ọjà, o fún un lọ́mú. Ọkùnrin yẹn he fìlà mi, ó gbọn eruku rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Bàbá, ẹ má bínú, nítorí ọmọ ni.” Mo ní kí ó dìde, n kò bínú. Ìlú tí wọ́n ti ń di àlejò lọ́rùn aṣọ mú nítorí ọmọ tó ń ké, ọmọ ọmọ mi lè gbé ibẹ̀.

Títí a fi délé, o kò sọ nǹkan kan. O kò bá mi jà, o kò bá ìyá rẹ jà, o gbé oúnjẹ fún wa, o kúnlẹ̀. Ó dára, Àbẹ̀kẹ́. Nísinsìnyí, gbọ́ ìmọ̀ràn bàbá rẹ.

Èkíní. La ẹnu rẹ. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Bí o bá ti sọ fún mi ní Òkè Aàrẹ pé, “Bàbá, ọyàn mi ti kún,” ọ̀rọ̀ ti parí. Bàbá rẹ ni mo jẹ́, n kì í ṣe adájọ́. Mo mọ̀ pé èmi àti ìyá rẹ ló kọ́ ọ láti máa gbọ́ ti àgbà, n kò sì ní kí o gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìkúnlẹ̀ kì í dí ẹnu. Kúnlẹ̀, kí o sì wà lórí ìkúnlẹ̀ sọ pé rárá. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọgbọ́n àgbà nìkan ni, ìwọ náà ti rí ibi tó gbé wa dé ní Dùgbẹ̀. Ọ̀gá ilé ìwé rẹ tuntun, àwọn ará ilé ọkọ rẹ, bákan náà ni. Rọra sọ ọ́, ṣùgbọ́n sọ ọ́.

Èkejì. Iṣẹ́ yìí, lọ ṣe é. Mo ti ń gbọ́ ẹnu àwọn kan nílé níhìn-ín pé kí lobìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ń wá lọ síbi iṣẹ́. Àwọn tó ń sọ ọ́, ìyá tiwọn ran òwú pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn ni, òwú náà la fi hun aṣọ tí wọ́n fi ṣègbéyàwó. Iṣẹ́ àti ọmọ kì í ṣe orogún. Dé ilé ìwé kí àwọn ọmọ tó dé. Má fi Wàsíù ṣe àwáwí lójoojúmọ́, kí wọ́n lè gbà ọ́ gbọ́ lọ́jọ́ tí ó bá jẹ́ òtítọ́. Má gbé ìbínú ilé lọ na ọmọ ọlọ́mọ. Sì tún ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ ṣe. Lẹ́tà rẹ tó kẹ́yìn, mo ní láti gbé e lọ sójú oòrùn kí n tó rí i kà.

Ẹ̀kẹta. Lásísì. N kò mọ bí o ti ń wò ó lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, nítorí òun náà kò lè sọ fún àna rẹ̀ pé ohun tó ń ṣe kò dára. Má bá a jà. Èmi ń wò ó ní tèmi: àpò ìlédìí ọmọ ni ó gbé kọ́ apá kiri gbogbo Ìbàdàn, kò wo ọ̀tún wo òsì bóyá ẹnìkan ń rí òun. Nígbà tí a bí ìwọ, a lọ sí Ṣakí lọ kí àwọn àna mi. Láti ibùdókọ̀ dé ilé wọn, iwájú ni mo wà, mo da aṣọ sí èjìká, ọwọ́ mi ṣófo. Ìyá rẹ wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ó pọ̀n ọ́, ó ru igbá, ó tún fi ọwọ́ kan gbé àpò. Mo rò pé bí ọkùnrin ti ń rìn nìyẹn. Baba ìyá rẹ jókòó síwájú ilé, ó wò wá títí a fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kò dá ìkíni mi lóhùn. Ó ní, “Ràjí, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ yìí, ṣé ìyàwó ni àbí alárù?” Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ bí a ti ń gbé àpò. Kò sí ẹni tó kọ́ Lásísì, ó ti mọ̀ ọ́n. Ọkọ tó mọ̀ ọ́n fúnra rẹ̀, ṣe é jẹ́jẹ́.

Èkelòó ni mo dé ná? Jẹ́ kí ó jẹ́ ẹ̀kẹrin. Eléyìí, n kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, àfi ìyá rẹ lọ́sẹ̀ yìí.

O mọ̀ pé Ìwéré-Ilé ni mo ti dàgbà, o kò mọ bí ó ti rí. N kò tíì máa rìn dáadáa tí wọ́n fi gbé mi lọ síbẹ̀, lọ́dọ̀ ìyá ìyá mi. Kò jẹ mí níyà. Mo jẹ iṣu, mo jẹ ẹ̀gẹ́, ó fẹ́ràn mi bí ojú rẹ̀, n kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdára. Òun ni mo ń pè ní “Ìyá mi”. Ẹni tó bí mi, “Ìyá Ìsẹ́yìn” ni mo ń pè é, bí gbogbo ọmọ ilé ti ń pè é. Bí ó bá wá lọ́jọ́ ọjà, yóò mú àkàrà bọ̀ fún mi. N ó gba àkàrà, n ó sì sá padà sẹ́yìn ìyá àgbà. Nígbà tí mo tó kọ́ṣẹ́, wọ́n mú mi padà wá sí Ìsẹ́yìn wá kọ́ òfì. Ọjọ́ tí mo dé, ó se oúnjẹ, ó bu ẹran tó tóbi sí i fún mi. Mo sunkún, mo ní kí wọ́n mú mi lọ bá ìyá mi. Ó ní, “Èmi ni ìyá rẹ, Ràjí.” Mo ní, “Rárá o. Ìyá Ìsẹ́yìn lẹ̀yin.”

Ó gbé asẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kù èlùbọ́, ó ń kù ú títí èlùbọ́ tó wà nílẹ̀ fi tán. Ọmọdé ni mí, n kò mọ ohun tí mo sọ. Nígbà tí mo fi mọ̀ ọ́n, ó ti kú. Ó dùn mí títí di òní, kò sì sí ẹni tí n ó bẹ̀.

Ohun tí mo rí nígbà tí Wàsíù fò sí ọ láyà nìyẹn. Ọmọ kan mọ ìyá rẹ̀ láàárín gbogbo Dùgbẹ̀, èmi ni mo sì ti àárọ̀ kiri ìlú tí mo fẹ́ gba ìmọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ líle sí ara mi, Àbẹ̀kẹ́, líle gan-an.

Mo pe ìyá rẹ ní Ọjọ́rú, mo ní, “Wàsíù kò ní wá mọ́.” Ojú rẹ̀ ṣú. Ó ti sọ fún gbogbo obìnrin àdúgbò pé òun fẹ́ gba ọmọ. Ó ti ra ife kékeré àti ẹní kékeré. Ó ní, “Ta ni yóò wá gbé e bí ìyá rẹ̀ bá lọ síbi iṣẹ́? Ṣé àwọn ará ilé tí wọ́n jọ ń gbé, tí wọn kò bá wọn tan?” Mo ní, “Ìwọ ni. Ìwọ ni yóò lọ bá wọn gbé.” Ó ní, “Èmi? Ta ni yóò máa se oúnjẹ fún yín?” Mo ní Ọlọ́run yóò pèsè. Ó ní, “Ṣé Ọlọ́run ni yóò wá máa rokà?” Mo ní àbúrò mi obìnrin wà nílé kejì, kò sì tíì sí ẹni tí ebi pa nídìí òfì. Ó lọ jókòó sẹ́yìnkùlé, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí ó wọlé padà, ohun kan ṣoṣo ló bi mí. Ó ní, “Ṣé wọn yóò jẹ́ kí n máa pè é ní Babátúndé?” Mo ní wọn yóò jẹ́.

Nítorí náà, jẹ́ kí ó máa pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ pe ọmọ ní gbogbo orúkọ tó wù yín, kìkì kí gbogbo yín mọ gbogbo orúkọ náà bí ẹ bá fẹ́ jáde. Ìyá rẹ yóò bú sítóòfù yín, yóò ní omi ẹ̀rọ kò dùn tó omi kànga, yóò fẹ́ fún ọmọ ní àgbo lójoojúmọ́. Má bá a wí lójú àwọn alájọgbélé. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá di ti ọmú àti ti ìlera ọmọ, ìwọ ni olórí. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ fún un, bí ó bá gbàgbé, rán an létí lórí ìkúnlẹ̀. Ilé ìwé rẹ kò jìnnà sílé. Nígbà tí àwọn ọmọ bá jáde lọ ṣeré, yóò gbé Wàsíù wá bá ọ lábẹ́ igi, kí o fún un lọ́mú. Ìgbà tí o bá fẹ́ já a lẹ́nu ọmú, ìwọ ni wàá sọ. Kò sí kánjúkánjú lọ́rọ̀ náà mọ́.

Ìyàwó kan ṣoṣo ni mo ní, òun náà ni mo yá yín yìí. Ẹ tọ́jú rẹ̀ fún mi. Kí Ọlọ́run fi àlùbáríkà sí iṣẹ́ rẹ, kí Ó dá ọmọ náà sí, kí Ó má jẹ́ kí o di àlejò lójú ọmọ tí o bí. Àmín.

Ó tó gẹ́ẹ́. Dìde, bá ìyá rẹ tú ẹrù rẹ̀. Ó wúwo, nítorí kò mọ ọjọ́ tí yóò padà.

Bàbá rẹ,
Ràjí, aláṣọ òfì